Apá Kejì Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìlódè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn: báwo ni àbúrò ṣe ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin léèrè ohun tó ń ṣe é ní ihò ìdí? Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n lásán ni mo ń wí. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí ni, tó fi etí aṣọ rẹ̀ nu imú mi, tó jẹ́ pé títí irun fi funfun lórí mi, n kò fi ẹnu mi pe orúkọ rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ti ní ìdáhùn lẹ́nu, ẹ gbọ́n jù mí lọ. Èmi wá a tì ní ìlú òyìnbó, nígbà tí ó sì dé, ọ̀nà tí n kò fọkàn sí ló gbà wọlé.

Ọmọ Ìlódè ni mí, ní Ilé-Ifẹ̀. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó kúrò nílé, n kò sì ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bò ó: mo mọ iṣẹ́ náà. Bí mo bá ń fẹsẹ̀ rìn ní Mayfair, àdúgbò kan ní Ifẹ̀ wa, àwọn tí mo kọ́ ní ìwé, tí wọ́n ti di ọ̀gá ní yunifásítì, a dá ọkọ̀ wọn dúró láti sọ̀ kalẹ̀ kí mi. Ọkọ mi kú, àwọn ọmọ mi ti tàn ká, owó ìfẹ̀yìntì kò sì tó ra epo àtùpà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo bá ara mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo ṣe débẹ̀ kò yẹ kó gba àyè lọ́wọ́ wa. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà lọ ni mo gbà lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí láti ilé, mo sì ti ní kóòtù tó nípọn bí ẹní. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo ń gbé ní àjà kẹta ilé kan tí ìdílé mẹ́sàn-án ń gbé, n kò sì gbọ́ kí ẹnìkan kí ẹnìkejì rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo pàdé obìnrin arúgbó kan lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀, nítorí pé ó jù mí lọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ já àpò rẹ̀ gbà, ó sì fi ara pẹ́ ògiri kọjá. Mo kí i lọ́jọ́ kejì. Mo kí i lọ́jọ́ kẹta. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í tìtorí pé ẹlòmíràn kò dáhùn kí a sọ ẹ̀kọ́ ilé ẹni nù. Oṣù karùn-ún ló pé kí ó tó dá mi lóhùn, tó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Ìwé ẹ̀rí mi kò ta létí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kan, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ àwọn obìnrin wò. Ọmọbìnrin tó fi iṣẹ́ hàn mí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ, orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ ló sì fi ń pè mí lásán, láìfi ‘Ìyá’ tàbí ‘Màmá’ kankan ṣáájú. Mo gbé e mì. Mo ń tẹ́ ibùsùn, mo ń kó aṣọ tó dọ̀tí, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni iṣẹ́ mi gan-an. Òfin ibẹ̀ ni pé dókítà kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú obìnrin tó bọ́ aṣọ sílẹ̀; ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró níbi orí obìnrin náà títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Èmi ni ẹni náà.

Ọjọ́rú jẹ́ ti àwọn obìnrin kan lọ́tọ̀. Àwọn kan nínú wọn ni àrùn ti bá jà lẹ́nu ilé ọmọ rí, tí wọ́n sì ti tọ́jú wọn. Àwọn mìíràn ni wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, tí oògùn tí wọ́n ń lò ti mú kí ara wọn má lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Dókítà wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, gbà pé àrùn jẹjẹrẹ ihò ìdí tètè ń wá àwọn wọ̀nyí kàn ju obìnrin mìíràn lọ. Ó fẹ́ máa wò wọ́n lóòrèkóòrè, kí ó lè bá a ní kékeré. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà.

Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, bí obìnrin náà ti bọ́ aṣọ ni mo kọjú sí ògiri. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí láti kékeré títí dàgbà, kí ni mo ń wá níbi ìhòòhò àgbàlagbà? Nígbà tí a jáde, Mọ́rìn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mọ́rìn ni àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọ Jàmáíkà, obìnrin tó sanra, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

‘Kí lo ń wò lára ògiri?’

‘N kò fẹ́ dójú tì í ni.’

‘O ti dójú tì í. Bí o bá ń wo ògiri, yóò rò pé ohun ìríra ló wà lára òun. Ìdí ni ti dókítà. Ojú ni tìrẹ. Wo ojú rẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú, sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.’

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí iṣẹ́ mi wà. Mo rí bí wọ́n ṣe ń fi òwú tí wọ́n wé mọ́ igi tín-ín-rín nu ibẹ̀, láti lọ wo ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ẹ̀rọ. Mo rí bí dókítà ṣe ń fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ wá koko kiri. Mo rí bí ó ṣe ń fi ọtí kíkan pa á, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń wọ́n sórí ọ̀dùnkún díndín, tí ibi tí ara bá ti fẹ́ yí padà yóò sì di funfun. Ṣùgbọ́n ojú ni mo ń wò. Obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi sọ fún dókítà pé, ‘Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fìdí mọ́lẹ̀. Ẹ̀san rèé.’ Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun pẹ̀lú, ó sì fún ọwọ́ mi títí ìka mi fi kú.

Gbogbo Ọjọ́rú ni dókítà ń sọ gbólóhùn kan náà fún wọn: ‘Kòkòrò tó bá ọ jà níwájú, ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Àdúgbò kan náà ni wọ́n.’ Mo gbọ́ ọ títí ó fi dà bí ègbè orin létí mi. Ìyẹn ni àléébù ohun tí a bá ń gbọ́ lójoojúmọ́: a kì í fetí sí i mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni èmi àti ilé máa ń pàdé. Kò sí tẹlifóònù ní agboolé wa ní Ìlódè. Obìnrin ìjọ wa kan tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì ló ní i nílé, ní Mayfair. Màmá Mayfair ni a ń pè é. Bí ìsìn bá ti parí, ẹ̀gbọ́n mi a lọ jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, a máa dúró de ìpè mi. Ìyá Dépò ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí. Èmi a sì lọ sínú àpótí tẹlifóònù igun òpópónà wa, tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

‘Àǹtí mi, ẹ káàsán o.’

‘Àbúrò mi, ìwọ náà kú òtútù. Ṣé o ti jẹun?’

‘Mo ti jẹun, mà.’

‘Kí lo jẹ?’

‘Ìrẹsì ni, mà.’

‘Ìrẹsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìrẹsì lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ẹyẹ ni ọ́ ni?’

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè ara, ó ní ara le, àyàfi jẹ̀díjẹ̀dí òun tó tún gbéra sọ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà agboolé wa ti se àgbo, òun náà sì ti fi ṣúgà sílẹ̀. ‘Koko kan tilẹ̀ yọ síbẹ̀ bí horo ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Ìwọ náà ṣọ́ra fún gbogbo ohun dídùn òyìnbó yẹn o.’

Ó sọ gbogbo èyí ní gbangba, níwájú Màmá Mayfair àti àwọn àlejò rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé egbò ìpẹ̀ta dára fún un. Nítorí pé ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí kò ní ìtìjú lọ́dọ̀ wa. Ọmọdé ní i, àgbà ní i, oníwàásù ní i. Aṣọ kan ṣoṣo ni, gbogbo ohun tó bá ti ń ṣe ìdí ni a fi ń bò, bó bá a mu bí kò bá a mu. Bí ènìyàn bá ti lè pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. A kì í bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé tẹlifóònù kọ́. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé mi kí ẹsẹ̀ mi tó dúró. Mo rántí ọdún kan, nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rí nǹkan oṣù wa, tí mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un nínú wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú wa. Wọ́n gé ohun kan kúrò lẹ́nu ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní bí wọn kò bá tètè gé e, jẹjẹrẹ ni yóò dà. A dúpẹ́, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì gbàgbé. Àdúgbò kan náà ni wọ́n.

Ní Ọjọ́rú, mo sọ ọ́ fún dókítà. Kò pa irọ́ ìtùnú fún mi. Ó ní, ‘Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, òun náà a máa ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò lè ti Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí dókítà kan wò ó, kí ó fi ìka wò ó, kí ó sì mọ̀ pé wọ́n ti gé ohun kan lára rẹ̀ rí.’ Ó tún ní, ‘Má jẹ́ kó pẹ́.’

Ẹ wá wo ibi tí mo dúró sí. Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Tẹlifóònù Màmá Mayfair ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́ ohun tí mo ń wí. Lẹ́tà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé kà. Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò kà á fún un. Àti pé àbúrò ni mí. Mo lè bi obìnrin òyìnbó tí n kò mọ ìyá tó bí i léèrè bóyá ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá yàgbẹ́, ojú kò sì ní tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ro pé kí n bi ẹni tó pọ̀n mí, ahọ́n mi a lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Mo rò pé mo gbọ́n. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́. A ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì kí ara wa tẹ́lẹ̀, bí gbogbo ará òkè òkun ìgbà náà ti ń ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sì gba ohùn mi sílẹ̀. Ní apá kìíní, mo kí gbogbo agboolé bí ìṣe mi, láti orí Bàbá Ìsàlẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé, dé orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún Dépò. Ní ìparí rẹ̀, mo ní, ‘Apá kejì kásẹ́ẹ̀tì yìí, ti Àǹtí mi nìkan ni. Kí ẹlòmíràn má ṣe gbọ́ ọ.’ Mo wá yí i, mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ẹ̀rọ bí ẹni pé òun ló wà níwájú mi, mo sì tú gbogbo rẹ̀ jáde: ẹ̀jẹ̀, koko bí horo ẹ̀wà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un lẹ́nu ilé ọmọ, òwú, ìka, ọtí kíkan. Mo ní, ‘Àǹtí mi, bí mo bá ti ṣìwà hù, ẹ fi ojú fò ó. Ó sàn kí ẹ bínú sí mi ní ààyè yín.’

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń lọ sí Òṣogbo ló bá mi mú un lọ.

Ọjọ́ Àìkú tí mo ṣírò pé kásẹ́ẹ̀tì ti dé, mo pe Mayfair. Màmá Mayfair ní, ‘Ìyá Dépò kò wá lónìí o.’ Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wá, Màmá Mayfair sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

‘Ta ló ra rédíò tó ń yí ara rẹ̀ padà?’

Kò kí mi. Kò bèèrè bóyá mo ti jẹun.

‘Àǹtí mi...’

‘Mo ní ta ló rà á?’

Èmi ni mo rà á. Owó tí mo kọ́kọ́ tọ́jú pamọ́ níbẹ̀ ni mo fi ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan ránṣẹ́ sílé, èyí tó jẹ́ pé bí apá kìíní bá tán, yóò yí sí apá kejì fúnra rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti fi yangàn pé kò sí ẹni tí yóò máa dìde mọ́ nítorí kí a lè gbọ́ ohùn mi. Mo sì gbàgbé ohun tí ọmọ agboolé wa kò gbọdọ̀ gbàgbé: kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti òkè òkun dé kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo ilé ní í jókòó gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ bí ará ọ̀nà jíjìn bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ròyìn rẹ̀ fún mi, èdè Ifẹ̀ tó ki ni ó fi ń sọ ọ́, èyí tó máa ń sọ bí inú bá bí i. Òun wà lẹ́yìnkùlé, ó ń din dòdò fún àwọn tó wá gbọ́ mi. Ní pálọ̀, ẹ̀rọ ti dún pá, ó sì ti yí padà kí ẹnìkan tó lóye ohun tí mo wí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé dìde láti pa á. Bàbá Ìsàlẹ̀ ní kó jókòó, pé ọmọ ń sọ̀rọ̀ láti ìlú òyìnbó, ẹnìkan ń fẹ́ dí i lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi gbé àwo dòdò wọlé, ìdí rẹ̀ ló bá lẹ́nu rédíò, àwọn ọkùnrin ilé sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù.

‘Ẹyin ni ohùn,’ ni ẹ̀gbọ́n mi wí. ‘O jẹ́ olùkọ́, o sì mọ òwe náà jù mí lọ. O sọ ọ́ lulẹ̀ láti òkè òkun wá.’

Mo dúró sínú àpótí tẹlifóònù, mo sì ń sunkún bí ọmọdé tí wọ́n nà. Ó gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

‘Ìyá Àgbà ló gbà mí.’

Ìyá Àgbà ni ìyàwó tó dàgbà jù nínú agboolé wa. Ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rá nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, ìyẹn ni Ìyá Àgbà kò fi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi rí. Ìbàdíàrán ló ń pè é láti ìgbà tí ó ti wà ní ìyàwó tuntun. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, ‘Ẹ gbé orí yín sókè. Ta ni nínú yín tí kì í yàgbẹ́?’ Ó wò wọ́n yíká. Ó ní, ‘Ó dáa. Ẹ dá a padà sẹ́yìn, n kò gbọ́ ibi tó ti ń wí nípa ọtí kíkan dáadáa.’

Àwọn ọkùnrin dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù rántí iṣẹ́ tó ní níta. Àwọn obìnrin ilé jókòó, wọ́n tún un gbọ́. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ọ̀kan ní ti òun ti pé ọdún mẹ́ta, ẹlòmíràn ní òun kò lè jókòó lórí àpótí. Méjì nínú wọn ti dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn rí nítorí ẹnu ilé ọmọ, wọn kò sì sọ fún ara wọn.

‘Ẹ ó lọ, Àǹtí mi?’

‘Lọ síbo? Ẹnu yín ti gbé ìdí mi kiri tó. N kò ní tún gbé e lọ fún ọmọ ọlọ́mọ kó máa fi ìka wò ó.’

Mo sọ fún un nípa obìnrin kan tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà rò pé jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, ó sì fi ọdún méjì ra ìpara sí i. Kì í wá ní Ọjọ́rú mọ́. Mo ní, ‘Níbi orí wọn ni mo ń dúró, Àǹtí mi. Àwọn tí n kò mọ ìyá wọn, mo di ọwọ́ wọn mú. Ọwọ́ tiyín nìkan ni ọwọ́ mi kò tó.’

‘Ta ni yóò wá di tèmi mú?’

Mo ní kó mú Ìyá Àgbà wá sí Mayfair lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí mo bá rántí ìlú òyìnbó lónìí, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Ìyá Àgbà kò tíì gbá tẹlifóònù mú rí. Wọ́n fi takisí gbé e wá láti Ìlódè, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ gba àlejò. Ohùn rẹ̀ kò nílò wáyà.

‘Akọ̀wé, ṣé ìwọ ni wọ́n há mọ́ inú ike yìí?’

‘Èmi ni, Ìyá wa. Ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá débẹ̀, níbi orí wọn ni kí ẹ dúró, ẹ má dúró níbi ẹsẹ̀.’

‘Níbi orí.’

‘Ẹ di ọwọ́ wọn mú.’

‘Ọwọ́.’

‘Ẹ má wo ògiri, ẹ má sì wo ibi tí dókítà ń wò. Ojú wọn ni kí ẹ máa wò.’

‘Ojú Ìbàdíàrán tí mo ti ń wò láti ìgbà tí kò tíì ní eyín? Kí ni mo tún ń wá níbẹ̀?’

‘Kí ẹ sì máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ọkàn wọn lè kúrò níbẹ̀.’

‘Ìyẹn,’ ni Ìyá Àgbà wí, ‘kò tíì wọ́n lẹ́nu mi rí.’

Mo gbọ́ tí gbogbo pálọ̀ Màmá Mayfair bú sẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi láàárín wọn. Oṣù méjì ni n kò ti gbọ́ ọ. Èmi tí mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní kíláàsì, n kò ní akẹ́kọ̀ọ́ tó dùn mọ́ mi tó ìyá arúgbó yẹn.

Ọjọ́rú ni wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kan náà ni èmi náà wà níbi iṣẹ́ mi, mo dúró níbi orí obìnrin tí n kò mọ̀ rí, ojú mi wà lójú rẹ̀, ọkàn mi sì wà nílé. Mo ti máa ń bi ara mi léèrè pé ibo ni ilé mi gan-an, ìlú tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí mi ni àbí ìlú tí mo ti ń jẹun. Lọ́jọ́ náà n kò bi ara mi. Bí ọwọ́ ẹni bá wà níbì kan tí ẹ̀rù ara ẹni sì wà níbòmíràn, ibi tí ẹ̀rù wà ni ilé. Mọ́rìn fọwọ́ tọ́ mi ní èjìká.

‘Rọra,’ ó ní. ‘Lónìí ìwọ lo ń fún ọwọ́ rẹ̀ pa.’

Dókítàbìnrin kan, ọmọ Ìkìrun, ló yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò. Ìyá Àgbà dúró níbi orí. Ó fi gbogbo àkókò náà sọ ìtàn bí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ṣe fi iyọ̀ sí omi ìwẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tó di ìyàwó, ó sì ṣọ́ra kó má parí ìtàn náà kí dókítà tó parí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìdí kò dun òun tó ọwọ́ tí ìyá náà fún mọ́ òrùka.

Koko bí horo ẹ̀wà náà, jẹ̀díjẹ̀dí gidi ni. Ṣùgbọ́n dókítà fi ọtí kíkan pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibì kan sì di funfun níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Èsì náà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ti mú ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀n. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò kí òjò ọdún náà tó dá.

Ọdún méje lẹ́yìn náà ni mo padà sílé. Ìyá Àgbà ti di ẹni ilẹ̀, ogbó ló pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà Ìlódè, ó ní mo ti gbẹ bí ẹja, pé ìrẹsì ló fà á. Ohun funfun náà kò hù mọ́. Méjì nínú àwọn ìyàwó ilé wa, àwọn tí àrùn ti bá jà lẹ́nu ilé ọmọ rí, lọ fún àyẹ̀wò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró níbi orí àwọn méjèèjì.